Ámpù Méjì àti Ohùn Bàbá Kan

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé ìtajà Ọ̀gbẹ́ni Pillay ní àdúgbò Braamfontein, nílẹ̀ àjèjì, kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jókòó, ó gbé hẹdifóònù kan kọ́ mi létí, ó fi orin sí i, ó sì ń wo ojú mi.

"Kí lo gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́ dùùrù, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń kọrin, mo sì gbọ́ ẹnì kan tó ń húkọ́ lẹ́yìn wọn.

"Ẹni tó ń húkọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí o gbọ́," ó ní. Ó gbà mí síṣẹ́ fún ìdánwò oṣù mẹ́ta.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Ilé Ọlọ́run ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti mọ̀wé ní Iléṣà, inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti mọ báàsì yàtọ̀ sí tẹ́nọ̀, ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ sì ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ wáyà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn olùkọ́ mi wọ̀nyẹn, títí kan èyí tó máa ń fà mí létí bí mo bá ṣi ohùn.

Oríṣi méjì ni hẹdifóònù olówó ńlá tí a ń tà. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Àwọ̀n irin ló wà níta rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Orin inú rẹ̀ máa ń gbòòrò bí ìgbà tí akọrin dúró níwájú ẹni nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kò mọ àṣírí í pa mọ́: ẹni tó jókòó tì ọ́ yóò máa bá ọ gbọ́ ọ. Ti èkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tìmùtìmù tó yí etí ká gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ orí pinpin, nítorí inú afẹ́fẹ́ tó há mọ́ ibẹ̀ ni báàsì ń gbé. Ọ̀gá mi sọ èyí fún mi lọ́jọ́ kejì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kíkọ sínú ìwé yàtọ̀ sí mímọ̀.

Ámpù ni ẹ̀rọ tó ń fún hẹdifóònù lágbára. Hẹdifóònù kan wà tí fóònù lásán lè gbé. Òmíràn wúwo, bí kò bá rí ámpù tó ká a, ohùn rẹ̀ á rọ bíi ti ẹni tí kò tíì jẹun. Òfin ọ̀gá mi ni pé hẹdifóònù tó bá etí àti ilé oníbàárà mu la ó kọ́kọ́ mú, ká tó wá ámpù tó yẹ ẹ́. "Ámpù kì í fún hẹdifóònù ní ohun tí kò ní," ni ó máa ń wí.

Oṣù kejì ni Dókítà Ìbídùn wọlé. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì tó wà nítòsí wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Bàbá wọn, tó ti sùn nínú Olúwa, jẹ́ Àpọ́sítélì nínú ìjọ Aládùúrà kan. Ìwàásù rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Àbúrò, ohùn Bàbá jinlẹ̀," wọ́n ní. "Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, àga tí a jókòó lé máa ń gbọ̀n. Ohùn yẹn ni mò ń wá. Mo ti fẹ́ẹ̀ máa gbàgbé rẹ̀."

Mo béèrè bí ilé wọn ṣe rí. Fúlàtì oníyàrá kan ni, ní Berea. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ wọn, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Nítorí náà, ẹlẹ́yìn dídé ni mo mú fún wọn, pẹ̀lú ámpù kékeré kan. Wọ́n gbé e lé orí irun dídì wọn, mo fi orin akọrin kan sí i, báàsì ń dún dáadáa. Mo ní kí a fi ohùn Bàbá dán an wò.

"Rárá o. Ìwàásù Bàbá kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dán ọjà wò."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá. "Bàbá mi ti di ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú nǹkan yìí. Ohùn wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́."

Mo gbé e kọ́ etí ara mi, báàsì wà níbẹ̀. Mo wá pinnu pé ámpù kékeré náà ni kò ká a. Mo gbé ńlá kan fún wọn, èyí tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún dé.

"Ó ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," wọ́n ní. "Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ló ń pariwo."

Ọ̀gá mi gbọ́ láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Eish, Pásítọ̀!" Bí ó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí pé mo máa ń gbàdúrà kí a tó ṣílẹ̀kùn. "Ṣé o ti gbọ́wọ́ lé ámpù náà lórí?"

Nígbà tí Dókítà lọ tán, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní kí n lọ sílé wọn ní Sátidé. "Bí wọ́n bá tún gbé e wá, màá gbà á, màá sì dá owó wọn padà. Ṣùgbọ́n ìdánwò tìrẹ parí nìyẹn."

Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé ámpù kékeré dání, mo rìn dé Berea. Dókítà ní kí n rọra sọ̀rọ̀, ọkọ wọn ń sùn. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ kọ̀ǹpútà wò, mo yẹ ámpù wò. Mo gbé hẹdifóònù kọ́ etí, mo sì gbọ́ Àpọ́sítélì fún ìgbà àkọ́kọ́: ohùn bí àpáta tó ń yí bọ̀ láti orí òkè.

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Níbo?" Ẹ̀rù hàn lójú wọn. "Àbí etí mi ló ti bàjẹ́?"

Wọ́n na ọwọ́ gbà á. Kí wọ́n tó gbé e sórí, wọ́n mú ìborí funfun kan lẹ́yìn àga, wọ́n wé e bo irun, wọ́n wé e bo etí, wọ́n so ó lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n wá gbé hẹdifóònù lé e.

"Mà, ẹ ń borí?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, àdúrà wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n máa gbọ́ ọ láìborí? Ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ìwọ?"

Ojú tì mí. Ìyá tó bí mi kì í gbàdúrà láìborí. Ìṣẹ́po aṣọ yẹn ló gbé tìmùtìmù kúrò lára, tí afẹ́fẹ́ fi ń jò, tí báàsì sì ń bá afẹ́fẹ́ náà jáde lọ. Mo ti fi ámpù méjì wo àìsàn tí aṣọ dá sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Àwọn nìyẹn!" Ọkọ wọn húkọ́ nínú yàrá. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ méjèèjì dítí, èwo ni màá fi kọ̀wé?"

"Ẹ̀yìn ọrùn ni ìyá mi máa ń so tiwọn sí, mà, etí á yọ síta. Ọlọ́run kò bínú sí wọn."

"Ó bá ìwọ sọ ọ́?" Síbẹ̀, wọ́n lọ sídìí dígí.

Nígbà tí wọ́n so ó tán, mo ti dá ámpù kékeré padà síbẹ̀. Wọ́n gbé hẹdifóònù kọ́ etí, wọ́n sì jókòó. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé apá àga.

"Àga ń gbọ̀n," wọ́n ní.

Mo wo àga náà. Kò gbọ̀n. Mo gbé ámpù ńlá, mo sì rọra ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Pillay gbọ́ ìtàn náà dé ìparí, ó ní ó pẹ́ tí òun ti wà lẹ́nu òwò yìí, òun kò béèrè rí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wé sórí nílé. Mo lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìborí funfun kan ti wà nínú dúrọ́ọ̀ wáyà wa, fífọ̀, lílọ̀. Bí obìnrin kan bá wá ra ẹlẹ́yìn dídé, kí n tó sọ̀rọ̀ ámpù rárá, màá kọ́kọ́ na ìborí náà sí i. "Bí ẹ bá ń borí nílé, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wé e bí ẹ ṣe máa ń wé e."