Ọ̀kpá Màmá Chidi àti Kókó Ọrùn Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Dókítà sọ lónìí pé kókó ọrùn mi kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè pa mí. Màmá Chidi, tí a jọ ń gbélé ní Gariki nílẹ̀ Ígbò níbí, tó sì sin wá lọ sí ọsibítù, fò sókè, ó ń yin Ọlọ́run.

Èmi kọjú sí ọkọ mi, mo fi Yorùbá sọ ọ́ síta gbangba:

"Bàbá Títí, kí ló wá fà á? Àfi ọ̀kpá, mọ́ínmọ́ín Ígbò tí obìnrin yìí ń sè fún mi láràárọ̀. Ó ti fi nǹkan sí i!"

Dókítà, ọmọ Ígbò tí mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá, gbójú sókè.

"Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mà. A ò mọ ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ, kò sì sí ọwọ́ ayé níbẹ̀."

Màmá Chidi bi í pé, "Wetin she talk?"

Dókítà wò mí títí. "She say make I thank you."

Ni Màmá Chidi bá dì mọ́ mi.

Ó ti rẹ ẹ̀pà ọ̀kpá tọ̀la báyìí. Ẹ gbà mí, ojú wo ni kí n fi gbà á?