Oje Ewé Ìyá Eku Ṣì Wà Nínú Fíríìjì

Ìyá Eku kú lọ́jọ́ Ajé. Ọgbẹ́ inú ló pa obìnrin tó fi ìdajì ayé rẹ̀ wá oògùn ọgbẹ́ inú. Àbúrò ìyá mi ni. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé alátojúbọ̀ ni mí.

Àwọn eku funfun ló sọ ọ́ lórúkọ. Láàbù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá, kéèjì eku tò jọ débi fèrèsé. Yóò fún oje ewé, yóò sẹ́ ẹ, yóò fún àwọn eku kan tó ní ọgbẹ́ inú mu, yóò fún àwọn yòókù lómi lásán, kó lè mọ èyí tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ jinná. Bí mo bá ní, "Àǹtí, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀," á ní, "Jẹ́ kí àwọn ọmọ mi jẹ ná." Mo máa ń sọ fún un pé bí mo bá tún ayé wá, eku rẹ̀ ni n ó jẹ́.

Ọgbẹ́ inú àwọn eku tó mu oje jinná. Ó wá ku kí wọ́n dán oje náà wò lára èèyàn, ìgbìmọ̀ kan nílé ìwòsàn náà ló sì gbọ́dọ̀ jókòó fàṣẹ sí i. Alága rìnrìn àjò. Alága dé, akọ̀wé gba ìsinmi. Akọ̀wé dé, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpàdé sọnù. Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ má dá wọn lẹ́bi o, ṣé iṣẹ́ kékeré ni wíwá kọ́kọ́rọ́?

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀nà láàbù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dírẹ́bà alága yọ lẹ́yìnkùlé: "Mà, ọ̀gá ní kí ẹ bá àwọn wá ìgò kan nínú oje yẹn. Inú ń run wọ́n." Àǹtí mi fún un lómi tútù mu. "Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn."

Nígbà tí ọgbẹ́ náà kan inú tiẹ̀, oògùn tí ilé ìwòsàn ń fún un wà lónìí, kò sí lọ́la. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bu díẹ̀ mu nínú oje tó fọwọ́ ara rẹ̀ fún. Ó ní, "Bí mo bá mu ún tí ara mi yá, ta ni yóò mọ̀ bóyá ewé ló ṣe é? Ìtàn ẹnu nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí." Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń bí mi. Mi ò sọ pé ewé náà ì bá gbà á là; bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á jí dìde wá bá mi wí.

Ọjọ́ a kú là á dère. Gbogbo ìgbìmọ̀ pé síbi ìsìnkú, kò sẹ́ni tó pẹ́. Alága sọ̀rọ̀ títí ó fi nu ojú. Bí a ṣe ń jáde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra dikùn mú: "Jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ó ku díẹ̀ nínú oje yẹn?"

Ó kù, ọ̀gá. Ó wà nínú fíríìjì tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fẹ́ yọ wáyà rẹ̀ nítorí pé ẹni tó ni ín ti kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ wá sọ fún wa ní gbangba ìdí tí ẹ ò fi jókòó nígbà tó wà láàyè. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí wọ́n dán oje náà wò lára àwọn tó bá gbà. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ni Ìyá Eku fẹ́ gbọ́.

Títí dìgbà náà, ọ̀gá, ẹ máa fara da inú rírun yín. Ẹ ò tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ ara yín.