Àga Ọlá Inú Gíláàsì

Kí Jàfárù tó máa sọ̀rọ̀ họ́kì orí yìnyín lórí tẹlifíṣọ̀n, páànù ló ń tà ní Ìdímù. Ẹnu ló fi ń tà á. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn máa ká sókè kí ọdún tó yí, Jàfárù á ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Alimọ́ṣọ́. Wọn á rà á. Tí atẹ́gùn bá wá ká a lóòótọ́, á ní igi òrùlé wọn ni kò dáa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pẹ́ ní Èkó. Yìnyín tó mọ̀ ò ju ti inú kúlà ẹni tó ń ta omi tútù lọ, àti èyí tó máa ń bá òjò já lulẹ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà jẹ.

Abigail ló mú un wọ iṣẹ́ náà. Obìnrin yìí ní sítúdíò kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlẹ́ja dídì. Orí fóònù làwọn èèyàn ti ń wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Alàgbà Ebenezer, ọmọ Ìgàndò tó ti ń gbé Kánádà tipẹ́, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun níbẹ̀, ló ní òun á máa gbọ́ bùkátà ètò kan tí wọ́n á ti máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ họ́kì. Abigail bá ń wá ẹnu. Ó rí Jàfárù níbi tó ti ń ta páànù fún ọkùnrin kan tó wá ra sìmẹ́ńtì. Ó ní ẹnu yẹn tó.

Raheem, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Baruwa tó ń tún fóònù ṣe, ni wọ́n fi kún un. Raheem máa ń wo eré tán kó tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Jàfárù kì í wò ó. Ó ní wíwò máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ òun lẹ́nu.

Eré ọ̀hún ò le. Àwọn géńdé máa ń wọ bàtà onírin tó rí bí ọ̀bẹ, wọ́n á máa sáré lórí yìnyín, wọ́n á máa fi ọ̀pá gbá róbà pẹlẹbẹ dúdú kan. Tó bá wọ àwọ̀n, góòlù nìyẹn. Ìyókù, ìjà ni. Wọ́n á gbé àwòrán eré náà sára ògiri, Jàfárù àti Raheem á jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì, òógùn á máa wọ́ lára wọn, torí pé ariwo fáànù máa ń wọ inú máíkì. Jàfárù á ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ borí gbọ́dọ̀ jẹ góòlù ju ẹgbẹ́ kejì lọ. Àwọn òǹwòran á kọ̀wé pé làákàyè ńlá nìyẹn. Á tún sọ̀rọ̀ nípa "àgbékalẹ̀ ìfọgbọ́nyọ̀ lórí yìnyín." Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni ti àga inú gíláàsì. Bí àwọn méjì bá jà níbi eré náà, wọ́n máa ń mú ọ̀kan lọ síbi kan tí wọ́n fi gíláàsì yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹnì kan á ṣí ilẹ̀kùn fún un. Á dá jókòó, wọ́n á fún un lómi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn á há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ. Jàfárù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi ojú Èkó túmọ̀ rẹ̀. Ta ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún? Ta ló ń dá jókòó tẹ́nì kan ò fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti inú dánfó? Ẹni ńlá ni. Ó ní àga ọlá nìyẹn, pé ẹni tó bá na ẹlòmíràn jù ni wọ́n fi ń dá lọ́lá. Inú àwọn èèyàn dùn. Tó bá ń kọjá ní Ìkòtún, "Àga Ọlá" ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ṣọ́ọ̀bù páànù sílẹ̀, ó ní òun ò tún fọwọ́ kan páànù mọ́ láyé òun, ẹlòmíràn sì kó táyà kún ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Alàgbà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ nílé. Ó ní agbára òun ò gbé ẹni méjì mọ́. Òun á bá wọn jókòó níbi ètò kan, òun á sì mú ẹni tí òun máa mú. Jàfárù ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹni tó ń gbé ibi tí wọ́n ti ń gbá eré náà ló ń bọ̀ yìí.

Alàgbà dé pẹ̀lú kóòtù òtútù onírun lọ́rùn, nínú ooru Ẹ̀gbẹ́dá. Abigail ń gbé píọ́ wọ́tà fún un léraléra. Ètò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, kò sí pé wọ́n máa gé nǹkan kan kúrò. Àwọn méjì jà lára ògiri, wọ́n mú ọ̀kan wọ inú gíláàsì. Kò sí bí Jàfárù ṣe lè fo ìyẹn. Ó ní àga ọlá rèé o, ó sì yíjú sí Alàgbà.

Alàgbà nu ojú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní wọ́n ti fi ọ̀rẹ́ òun kan jókòó níbẹ̀ rí, gbogbo ìjọ ló lọ kí i.

Jàfárù wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tó ń ta páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó bi Alàgbà bóyá wọ́n máa ń gbàdúrà fún ẹni náà kó tó jókòó. Alàgbà ní wọ́n máa ń gbà á gan-an.

Raheem bá wúkọ́. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn. Ó ṣẹ̀ ni wọ́n ṣe lé e jókòó. Ẹ ka àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù lórí yìnyín, wọ́n ti dín kan."

Gbogbo wọn ń gbọ́ àwọn ẹlẹ́ja nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fi àdá la páálí ẹja. Jàfárù kà wọ́n lára ògiri. Wọ́n dín kan lóòótọ́. Ó wo Alàgbà, ó rí i pé òun náà ń kà. Táyà ló wá sí i lọ́kàn, bó ṣe kún ṣọ́ọ̀bù tó gbé sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Raheem, àbúrò mi," ó ní, "ṣé o ti dé Kánádà rí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní àga ọlá ni. Ìwọ tó wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Baruwa, o ní ìyà ni. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀ jàre?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Abigail rí i pé ó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ètò parí, Alàgbà ní Raheem ò mọ àgbà, Jàfárù lòun mú. Raheem bọ́ kóòtù, torí ti Abigail ni, ó ká a dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Jàfárù tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó ní kó má bínú, iṣẹ́ ni.

"Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n," Raheem ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ báyìí ṣá."

Alàgbà padà sí Kánádà, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ pé ìjọ òun gbádùn ọ̀rọ̀ àga yẹn, kí Jàfárù máa fẹ̀ ẹ́ lójú dáadáa. Jàfárù fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó ní bí ẹni náà bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ọlá rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò pátápátá, ó ní wọ́n ti mú un wọlé lọ joyè ni.

Ó ti wá ń wo eré náà báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má baà ṣèèṣì sọ òótọ́. Ìyàwó rẹ̀, Sìkírátù, máa ń jókòó tì í. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń mú ọkùnrin kan wọ inú gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà láṣọ rẹ̀. Sìkírátù béèrè ohun tí eléyìí ṣe.

"Ó fi ọ̀pá la ẹnì kan lẹ́nu," Jàfárù ní.

Lọ́jọ́ kejì, ó so táì, ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó kí ọkùnrin náà kú oríire, ó kí ìyàwó onítọ̀hún, ó sì kí gbogbo ẹbí.