Tẹlifíṣàn Tí Kò Rí Nàìjíríà

Opó kì í pariwo. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi nílé ọkọ mi ní Ifangni nìyẹn, èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìkì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo sì ti jágbe mọ́ ọ̀gá tó jù mí lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sí kọ̀rọ̀ yàrá. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ nǹkan, kí n sọ ọ́ sétí ẹni tó jókòó tì mí. Orí ẹní yẹn ni mo wà tí àbúrò ọkọ mi fi wọlé, tó yọ wáyà lẹ́yìn tẹlifíṣàn, tó sì há ẹ̀rọ géèmù mi mọ́ abíyá bí ẹni gbé adìyẹ.

Mo rí i. Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tó ń tọ́jú mi nínú opó, fi ọwọ́ tẹ orúnkún mi.

Ó ní, “Ìyàwó, ojú ẹkún la fi ń wo òkú, kì í ṣe ojú ẹrù.”

Mo pa ẹnu mi dé.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n rán mi lọ sí Faransé láti lọ fi kún ẹ̀kọ́ mi ni mo fi owó ara mi rà á, òun àti tẹlifíṣàn rẹ̀, tí mo sì gbé àwọn méjèèjì wálé bí ẹni tó bí ìbejì sẹ́yìn odi. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ni mo sọ pé mo rà á fún, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbá a jù. Ike ni, síbẹ̀ wọ́n kun iwájú rẹ̀ bíi pákó. Ó ní àwọn bọ́tìnnì irin tí a ń gbé sókè-sódò, àti mánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá kékeré tí a fi ń darí eré, tí kò ní ju bọ́tìnnì pupa kan lọ.

Àbúrò ọkọ mi fẹ́ gbé tẹlifíṣàn náà lọ pẹ̀lú. Ó kọ́kọ́ tàn án wò. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ra tẹlifíṣàn ń dán an wò lọ́nà kan ṣoṣo: ṣé ó mú Nàìjíríà? Ààlà ò jìnnà sí wa, èdè wa ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Tẹlifíṣàn tèmi kò mú un. Faransé ni wọ́n ṣe é fún. Ti Benin gan-an kò mú un dáadáa. Eré nìkan ni mo rà á fún. Àbúrò ọkọ mi yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì pòṣé.

“Tẹlifíṣàn tí kò rí Nàìjíríà,” ló wí, “àpótí ni.” Ó fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ rántí rẹ̀.

Ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀túnla. Mo ju ọkùnrin yìí lọ dáadáa, mo máa ń nu imú fún un nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó, títí irun orí mi fi funfun.

Nígbà tí mo bọ́ aṣọ opó, mo lọ bá a. Ó ní òun kò gbé nǹkan kan. Mo rò pé ó ti tà á, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láàárín àwọn tó ń ta àlòkù ní Ìgólò, níbi tí ẹrù ti ń kọjá láti ilẹ̀ wa sí Nàìjíríà àti láti Nàìjíríà sí ilẹ̀ wa. Mi ò rí tèmi. Àwọn mìíràn ni mo ń rí, aláìlórúkọ, nísàlẹ̀ àwọn àpótí, láàárín aago tó ti kú àti ìgò tí ìdérí rẹ̀ sọnù. Mo ń rà wọ́n, mo ń tún wọn ṣe, mo ń tò wọ́n sórí pẹpẹ nínú yàrá ọkọ mi. Àwọn ará àdúgbò ní Màdáàmù ti fẹ́ ya wèrè, pé wèrè òyìnbó ni. Mo gbọ́. Mo tún padà sí Ìgólò.

Bí èèyàn bá ní ẹ̀rọ kan, eré ló ń ṣe. Bí ó bá ní púpọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan wé èkejì. Mo ní ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tó ń la ẹnu gbé kásẹ́ẹ̀tì, ike tí eré wà nínú rẹ̀, mì láti iwájú. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ọmọ tí wọ́n ń fún lóògùn ló ṣe rí: yóò gbà á tán, yóò tún ní òun kò rí nǹkan. Gbogbo ayé ló ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi wà nínú èémí, omi ló sì ń jẹ irin; spíríìtì àti òwú ni mo fi ń nu tèmi. Mo ní dúdú kan tí ohùn rẹ̀ kún bí ohùn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èyí kò dà mí rí. Mo tún ní ayédèrú kan tí wọ́n kọ sí lára pé eré inú rẹ̀ kò lóǹkà. Bí o bá gbá díẹ̀, àkọ́kọ́ yóò padà wá pẹ̀lú orúkọ tuntun. Nígbàkígbà tí mo bá tàn án, àwọn àna mi ni mo ń rántí.

Mo sì rí ìkejì tèmi, olójú pákó, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó gbé e wá láti Ìdíìrókò, ní Nàìjíríà. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti tèmi. Nínú, ìyàtọ̀ wà. Ti Nàìjíríà yìí ní àwọ̀ rẹpẹtẹ, ó ń tàn lórí tẹlifíṣàn gbogbo ará Ifangni. Èyí tí wọ́n ṣe fún Faransé kò ní ju àwọ̀ mẹ́jọ lọ, kò sì sí tẹlifíṣàn tó gbọ́ èdè rẹ̀ ní agbègbè wa àfi àpótí mi. Kí n má purọ́, ti Nàìjíríà ló dára jù. Èyí tó burú ni mo fẹ́, nítorí tèmi ni.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nílé ọkọ mi kékeré ní Banigbé. Wọ́n fún mi níjókòó lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí òdòdó oníke nínú àwo. Ẹ̀rọ géèmù mi ni wọ́n gbé àwo náà lé.

Mo ní, “Ọkọ mi, ẹrù mi ló wà lábẹ́ òdòdó yẹn.”

Ó wo òkè, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ọjọ́ ayọ̀ la wà yìí. Ìdíìrókò ni mo ti ra èyí, lọ́wọ́ ará Nàìjíríà.” Ó yíjú sí àwọn àlejò. “Ẹ ò mọ ìyàwó wa ni? Ike yòówù tó bá ti ní wáyà, tirẹ̀ ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbé òdòdó kúrò, mo sì yí ẹ̀rọ náà padà. Ìwé kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi Faransé kọ. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha á kúrò.

Ó ní, “Ṣé o rí orúkọ rẹ níbẹ̀?”

“Ẹni tó ha á mọ ohun tó wà níbẹ̀.”

Ẹ̀rín dá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ti di àgbà pátápátá ilé báyìí, fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní kí a má ba ìsọmọlórúkọ jẹ́. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, kí gbogbo wa pàdé nílé mi, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá, kí n wá sọ ohun tó fi jẹ́ tèmi.

Ọkọ mi kékeré ní, “Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ti pè mí lólè lójú àlejò. Bí kò bá lè fi hàn pé tirẹ̀ ni, kó kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo ẹbí.”

“Mo gbà,” ni mo wí.

Mi ò sun oorun gidi títí ọjọ́ Àìkú fi pé. Mo mọ bí n ó ṣe fi hàn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá ẹ̀rọ náà ṣì wà láàyè. Bí irú rẹ̀ bá pẹ́ láìtàn, àwọn àgbá kékeré tó ń tọ́jú iná nínú rẹ̀ máa ń gbẹ tàbí kí wọ́n sun omi. Ìpẹtà máa ń mú irin rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti kú kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Orúnkún mi méjèèjì ni kò sì dára mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, mi ò ní lè dá dìde. Ọkọ mi kékeré ni yóò na ọwọ́ sí mi, lójú gbogbo wọn, yóò sì fà mí sókè. Ìyẹn ni mo ń rò. Mi ò ro kíkúnlẹ̀ náà tó bí mo ṣe ń ro ọwọ́ yẹn.

Wọ́n dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọkọ mi kékeré fi aṣọ wé ẹ̀rọ náà bí ọmọ tuntun. Mo ti gbé tẹlifíṣàn mi sórí tábìlì, mo sì ti gbé ìkejì olójú pákó, ti Ìdíìrókò, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ọkọ mi, níbo lẹ ní ẹ ti rà á?”

“Ìdíìrókò. Ìgbà mélòó ni n ó sọ ọ́?”

“Ó tó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí èmi náà rà láti Ìdíìrókò.”

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣàn. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti òkè dé ìsàlẹ̀, funfun di dúdú, dúdú di funfun, kò sí àwọ̀, kò sí ohùn.

Ọkọ mi kékeré rẹ́rìn-ín. “Àpótí yìí ti kú, Ìyàwó. Mo ti sọ fún ọ látijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.”

“Kò kú. Faransé nìkan ló gbọ́. Bí ẹ̀rọ tó bá ti Nàìjíríà wá ṣe ń ṣe lójú rẹ̀ nìyí. Bí tiyín bá ti Ìdíìrókò wá, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe, n ó sì kúnlẹ̀. Bí ó bá ti ibi tí tẹlifíṣàn yìí ti wá, àwọ̀ yóò yọ.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó gbé wá. “Bọ́n, ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Kò fìgbà kan ṣiṣẹ́.”

Àgbà obìnrin náà yí orí. “O rà á, kò sì fìgbà kan ṣiṣẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ará Nàìjíríà ló rẹ́ mi jẹ.”

“O wá ń fi òdòdó dá a lọ́lá. Fún Ìyàwó, kó so ó.”

Mo so ó. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì eré bíríkì bọ̀ ọ́, mo gbé bọ́tìnnì rẹ̀ sókè. Gíláàsì dúdú, kò sí nǹkan kan. Mo gbé e sísàlẹ̀, mo tún gbé e sókè. Kò sí nǹkan kan.

“Ìyàwó,” ni ọkọ mi kékeré wí jẹ́jẹ́, “orúnkún dà?”

Mi ò wò ó. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo fi spíríìtì nù ún. Mo dá a padà. Mo di bọ́tìnnì irin náà mú, mo ń tì í sókè-sódò, sókè-sódò, kí ìpẹtà inú rẹ̀ lè yọ. Tẹlifíṣàn kùn. Lẹ́yìn náà ni bíríkì tò sí òkè gíláàsì, ìlà pupa, ìlà ìyeyè, ìlà àwọ̀ ewé, ìlà búlúù, wọn kò yí, wọn kò mì. Bọ́ọ̀lù funfun kan já bọ́ láàárín wọn, ó sì dún.

Àgbà obìnrin náà ló kọ́kọ́ lanu.

“Mo rí i lọ́jọ́ tó gbé e,” ló wí. “Èmi ni mo tẹ orúnkún rẹ.”

“Mo mọ̀, Ìyá mi. Ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀.”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹrù mi. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dà bí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ọkọ mi kékeré kò gbọ́ wa. Ó ti fa àga sún mọ́ tẹlifíṣàn. Àwọn bíríkì ń tàn sí i lójú.

“Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Gbogbo tẹlifíṣàn tí mo rà ni mo so ó mọ́. Kò fìgbà kan ṣe báyìí fún mi.” Ó nawọ́ sí mánẹ́ẹ̀tì. “Ìyàwó, jẹ́ kí n gbá a wò. Díẹ̀ péré.”

Mo wo ọwọ́ náà, èyí tí ì bá fà mí dìde nílẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo pa tẹlifíṣàn. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ṣẹ́kù láàárín gíláàsì, ó ń kéré sí i, ọkọ mi kékeré sì tẹ ara síwájú, ó ń wò ó títí ìmọ́lẹ̀ náà fi kú.