Àkùkọ Tí Ìyá Mi Fi Dúpẹ́

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo fi ń rántí ilé wa ní Sùúrùlérè. Ìjọba ló kọ́ ọ fún wa nígbà tí wọ́n wó àdúgbò wa láàárín Èkó, àwọn ilé tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n jọra débi pé àlejò a máa ṣi ilé wọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ògiri a máa rùn, ẹrẹ̀ a sì gba gbogbo ojúde. Ìyá mi ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó gbé àtẹ rẹ̀ síwájú ilé tuntun yìí, ó jókòó tì í, kò sì sí télọ̀ kankan nítòsí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti fọ́n ká. Ẹni tó fa ìlà sórí ilé wa àtijọ́ nínú ìwé, tí wọ́n fi wó o, kò bi ìyá mi léèrè ohunkóhun rí. Inú bí mi nígbà náà, ó sì ń bí mi títí dòní.

Ìbínú yẹn ló yan ẹ̀kọ́ fún mi. Mo ti kàwé gboyè ní Ìbàdàn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá. Ìwọ náà mọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn: ẹni tó bá fẹ́ kàwé kún ìwé, lọ́yà ni, bí kò bá ṣe lọ́yà, dókítà ni. Àwọn ẹbí tilẹ̀ ti ń pè mí ní lọ́yà láìbi mí bóyá òfin wù mí. Èmi ní ètò ìlú ni mo fẹ́ lọ kọ́ nílùú òyìnbó: ibi tí títì yóò gbà, ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí a lè kó ènìyàn lọ kí wọ́n sì tún rí jẹ níbẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin nílé-ẹ̀kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Ta ni yóò gba obìnrin síṣẹ́ yẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ ná, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí ìjọba yóò rán lọ. Ọmọ opó ni mí, n kò ní ọ̀nà mìíràn.

Òyìnbó ni alága ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá kan wà láàárín wọn, ọkùnrin kan tó ń gbé ní Yábàá, tó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìkórè. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ìdí tó fi jẹ́ ètò ìlú, mo sọ̀rọ̀ àtẹ ìyá mi fún wọn. Alága ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń mi orí, ó ní mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ìyá mi ti ró ìró rẹ̀ tó dára jù, ó ti gbé àkùkọ rẹ̀ há abíyá, ó ti lọ. Àkùkọ yẹn kan náà ló gbé lé itan nínú lọ́rì lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa kúrò ní Èkó. Ó lọ dúpẹ́ àná lọ́wọ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Kò béèrè bóyá wọn yóò mú mi, kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan. Pé àgbàlagbà jókòó, ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọmọ òun, lójú tirẹ̀ ìyẹn tó dúpẹ́ fún. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí ó sì ṣe tọ́ mi nìyẹn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí.

Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Wọ́n gbà á, màámi?"

"Wọ́n gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá náà ń sọ sí mi, n ò gbọ́ ọ. Mo ṣáà kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun àná, sà. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn gba adìyẹ náà wọlé."

Ọmọ Yorùbá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀! Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó, ṣùgbọ́n ta ni yóò fura sí ọpẹ́?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pè mí, alága kò ní kí n jókòó. Ó ní ìyá mi gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ sílé ọ̀kan nínú wọn, pé ìjọba kò lè rán ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kàwé. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kọjú sí fèrèsé. Ó mọ̀! Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Òyìnbó lè máà mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí à ń pè ní ẹ ṣeun àná. Ìyá tirẹ̀ náà kọ́ ọ. Ó sọ ọpẹ́ di àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí òyìnbó lè rí i pé ọwọ́ òun mọ́.

Mo yíjú sí i, mo fi Yorùbá bi í, n kò sì yọ ọ̀wọ̀ kúrò níbẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, sà, àkùkọ náà dà?"

Alága béèrè ohun tí mo sọ.

"Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, sà," ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Orí mi gbóná. Èmi náà bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní n kò bẹ ẹnikẹ́ni, ibi tí adìyẹ ìyá mi wà ni mo béèrè. Bí ó bá jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kí wọ́n gbé e jáde kí gbogbo wa rí i. Alága wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wúkọ́. Gbogbo wa tó wà nínú yàrá yẹn ló mọ̀ pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Síbẹ̀ alága pa fáìlì mi dé, ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé èmi ni mo ba ọ̀nà ọmọ mi jẹ́?" Mo ní rárá, mo tún un sọ títí ẹnu fi ń ro mí. Kò gbà mí gbọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀gá wa obìnrin kọ̀wé tààrà sí yunifásítì kan nílùú òyìnbó, kò gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kankan kọjá. Wọ́n gbà mí, wọ́n sì fún mi lówó ìrànwọ́ tiwọn. Ìyá mi jó yí àtẹ rẹ̀ ká lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ti ró ìró rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lọ síbì kankan.

"Ṣé kí n lọ kí ọ̀gá yín?" ni ó bi mí. "Àbí yóò tún bà á jẹ́?"

Mo fà á lọ́wọ́, a jọ lọ. Ọwọ́ òfo ló gbé lọ. Ọ̀gá wa ní kó wọlé, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì hàn án pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo gboyè náà, mo padà wálé, mo sì ti fa ìlà tèmi lórí ìwé. N kì í fà á láìkọ́kọ́ jókòó ti onílé. Àwọn ènìyàn a máa ní ṣebí ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, kí ni mo tún ń bínú sí. Ọdún kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo ti fi jì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú, àfi bí ó bá kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni n kò tíì fi ji ẹnikẹ́ni.