Àpò Eruku Àdìjá

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè Àdìjá Eléruku ní garáàjì Ṣábẹ̀ẹ́, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Kí wọ́n máa rín in lọ. Ìdọ̀tí táwọn mẹkáníìkì ń dà nù ló fi tọ́ ọmọ yanjú. Nínú páìpù eèfín ọkọ̀ àtijọ́, òkúta kan wà tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Bó bá fọ́, irin kan wà nínú eruku rẹ̀ tí owó rẹ̀ wọ́n bíi ti wúrà, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò rí i. Àdìjá á gbá a jọ, á fi asẹ́ gààrí jọ̀ ọ́, á sì rọ ọ́ sápò.

Ẹni tó ra eruku, orúkọ ló rà. Alájì Àbíbù tó ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin garáàjì, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tó ti di ará ìlú, kì í tú àpò wò. Bí wọ́n ṣe rán ẹnu rẹ̀ ló máa ń wò, torí obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń rán tirẹ̀, ọmọ ló sì ń fi kọ́. Tiwalọpẹ́ ọmọ rẹ̀ nìkan ni Àdìjá fi tirẹ̀ kọ́, òun náà ló sì ń gbé àpò lọ fún Alájì látìgbà tí orúnkún ti ń da ìyá rẹ̀ láàmú. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ náà. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n máa so ọwọ́ náà, kó lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àdìjá fárígá. Ó ní ẹni tó bá so ọmọ òun lọ́wọ́, òun náà á so tirẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, Alájì já àpò kan sílẹ̀ níwájú àwọn obìnrin tó ń jọ eruku.

"Àdìjá, eérú ààrò lẹ kó fún mi! Àwọn tí mo tà á fún ti dá a padà, wọ́n pè mí ní olè."

"Èmi kẹ̀? Ó tì o, Alájì!"

Ó fa àpò náà mọ́ra. Bó ṣe ń rán tirẹ̀ ni wọ́n rán an lóòótọ́, àmọ́ òwú náà tẹ̀ sí òdìkejì. Ọwọ́ òsì ló rán an. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tó pa òwe yẹn ò sọ fún un pé èèyàn lè lóyún aṣeni foṣù mẹ́sàn-án. Ó dùn ún wọ eegun.

Gbólóhùn kan péré ì bá fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra eruku lọ́wọ́ Tiwalọpẹ́ láyé? Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo rán an," ni Àdìjá wí.

Ó ń retí kí ọmọ náà figbe ta, kó ní rárá. Tiwalọpẹ́ gbójú sókè, ó sún mọ́ àwọn obìnrin yòókù díẹ̀, ó sì fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ létí gbogbo wọn:

"Màmá, ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ Alájì."