Mo Ti Dúpẹ́ Kí Ìyanu Tó Yan Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ro ẹjọ́ ara mi fún yín, kí ẹlòmíì tó bá mi rò ó. Ohun tí mo ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún yìí, bí mo bá ti rántí ẹ̀, ojú á tì mí, ẹ̀rín á sì tún máa pa mí.

Ọmọ mi obìnrin, Ìyanu, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló fẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì níbí ní Peckham, nílùú London. Ó fẹ́ di ẹnjiníà. Ó sì tún fẹ́ lu ìlù. Kì í ṣe ìlù téèyàn ń jókòó lù o! Drumline ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á gbé ìlù snare kọ́ àyà, wọ́n á máa rìn bíi ṣọ́jà, wọ́n á sì máa lù ú bí wọ́n ṣe ń yí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan á máa bá èkejì díje.

Ta ló kọ́kọ́ fi ọ̀pá ìlù lé e lọ́wọ́? Èmi náà ni! Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, kì í jókòó jẹ́ẹ́ tí ìsìn bá gùn, ìjọ aláṣọ funfun sì ni wá, ẹ mọ bí ìsìn wa ṣe ń gùn tó. Mo bá fà á lé bandi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kí n lè ráàyè gbàdúrà. Àṣé àfọwọ́fà ni mò ń ṣe.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì, ibi tí wọ́n ti ń fi ọdún méjì kàwé kí wọ́n tó wọ yunifásítì, ló gbà á, bó bá ṣáà ti ṣe dáadáa nínú GCSE, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì. Orúkọ èyí àkọ́kọ́ ń ró. Yunifásítì ńlá ńlá ni àwọn ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo Sátidé, wọn ò sì ní bandi kankan. Èkejì wà lọ́nà Sydenham. Wọ́n ń ṣe dáadáa nínú ìwé, wọ́n sì ní drumline tó gbóná. Mo ti lọ wo ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti Sydenham ńkọ́? Mi ò débẹ̀ rí. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù ló ń bà mí. Carer ni mí, ẹ̀yìn ń ro mí nítorí àwọn arúgbó tí mò ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó sì ń ṣe mí bíi pé ìlù yìí máa gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ ṣe dé, inú mi dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo pe Mummy Akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n kọ ìdílé wa mọ́ àwọn tó máa ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Sunday, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí báyìí ni Ìyanu ń lọ. Mi ò bi Ìyanu léèrè. Ta ló ń tọrọ àyè kó tó dúpẹ́?

Sunday pé. Mummy Akọ̀wé gbóhùn sókè, wọ́n kà á. Gbogbo ìjọ ké halelúyà! Mo jáde nínú sùtánà funfun mi, láìwọ bàtà, mò ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Bandi gbé orin. Fèrè ń dún, ìlù ńlá ń dún, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò pé. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyanu ti kó ọ̀pá méjèèjì lé orí snare, ó dúró, ó ń wò mí.

Kò bínú o. Ká ní ó bínú ni, mi ò bá mọ ohun tí mo máa sọ. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí wọn ò pè síbi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn Mummy ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń kí i kú oríire, ó ń kúnlẹ̀, ó ń ní ẹ ṣé mà. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì tá a wọ̀, òun wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀. Ìgbà tá a délé ló tó sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"Mummy, ẹ ti dúpẹ́ fún something tí mi ò tíì choose. Now everyone thinks I'm going there. Tí wọ́n bá bi mí next Sunday, ṣé kí n lie ni, àbí kí n disgrace yín?"

Mo gbìyànjú láti bínú, ìbínú ò wá.

Bàbá rẹ̀ tó ń gbọ́ wa láti kíṣìnì ló dá sí i. Ó ní òun ò sọ pé ibi tí mo fẹ́ ò dára. Ó kàn bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti lọ wo ti Sydenham. Ó ní, "Mummy Ìyanu, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni o." Ó bá padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ èyí tó bá sọ á wọ èèyàn lákínyẹmí ara!

Nígbà tó di Sátidé, mo kúrò ní shift àárọ̀, èmi àti Ìyanu wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sydenham. Wọ́n ti ní kí àwọn tó fẹ́ wọ drumline wá gbìyànjú. Mo ti to ìbéèrè sílẹ̀ bíi lọ́yà.

Obìnrin ni olùkọ́ tó ń darí wọn, Physics ló sì ń kọ́ wọn nínú kíláàsì. Ó gbé snare kọ́ Ìyanu láyà, ó fi í sáàárín àwọn yòókù. Mo rọra rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi á fi ìlù hàn wọ́n lónìí. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ìyanu ń pẹ́! Gbogbo wọn á ti lù, tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Olùkọ́ dá wọn dúró, ó sọ fún un pé ó jọ pé ó máa ń dúró gbọ́ ẹlòmíì kó tó lù. Òótọ́ sì ni! Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibi tí ẹ̀mí bá darí olórin sí ni onílù ń bá a lọ. Orin lè gùn, ó lè yára, ó sì lè ṣàdédé dúró. Nínú drumline, ẹnikẹ́ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kálukú ló ń ka one, two, three, four sínú.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún pẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo sì mọ ọmọ mi, ohun tó bá ti le, á pa á tì ni. Ó pa dùùrù tì, ó pa swimming tì, bí Maths bá sì le, á ní orí ń fọ́ òun. Mo dìde kí n lọ sọ fún un pé kò burú, ká máa lọ sílé.

Kí n tó débẹ̀, ó ti nawọ́. Ó bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí òun tún un lù, kó sì sọ ibi tí òun ti ṣì í gan-an. Ọmọ tèmi! Ó ń wá ẹni tó máa bá a wí! Mo padà jókòó. Omi lé sí mi lójú.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìbéèrè mi kalẹ̀. Olùkọ́ ní ẹni tí kò bá parí iṣẹ́ àṣetiléwá, ìlù rẹ̀ á wà nínú àpótí lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdíje. Ó jẹ́ kí n bá ọ̀kan nínú àwọn onílù sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Mo wá àléébù títí! Èyí tí mo rí ò ju pé tíì wọn ò dùn lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Mo ní kí Mummy Akọ̀wé bá mi tún un kéde, wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń kọ orúkọ, àwọn ò rí ẹni tó gba ìdúpẹ́ padà rí. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́, mo dìde fúnra mi. Mo sọ fún ìjọ pé èmi ni mo sáré jù, kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló gba Ìyanu, òun ló sì máa yan èyí tó fẹ́. Bàbá àgbà kan béèrè pé ṣé kí Ọlọ́run náà lọ tún ìwé tirẹ̀ kọ ni. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in, ojú sì tì mí gan-an.

Èsì GCSE jáde ní August, ó yege fún méjèèjì. Ó fi ọjọ́ méjì ronú. Mo kó ẹnu mi ní ìjánu, ẹ bi bàbá rẹ̀! Sydenham ló yàn.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù wá kí n fọwọ́ sí i. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ta ló ràn án lọ́wọ́ láti yan kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló máa kọ. "My mum" ló kọ síbẹ̀. Mo ní èmi wo? Èmi tí mo fẹ́ bà á jẹ́?

Ó ní, "Ẹ dìde for me, Mummy. In front of everybody."

Mo fọwọ́ sí i, àmọ́ mi ò ríran dáadáa mọ́.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, mi ò sọ pé ká má lé ìwé. Ẹ jẹ́ ká lé e! Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọmọ ti ń gba ìbáwí tinútinú, torí ibẹ̀ ló ti máa gbọ́n. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í kí ẹ tó dúpẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bá ọmọ rẹ̀ yan nǹkan, tó tún lọ kéde rẹ̀ kí ọmọ tó gbọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe!